Ṣé dandan ni kéèyàn máa polówó ara ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ríṣẹ́ gidi ṣe?

Àyìnkẹ́_Ajílété

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, ẹ má bínú tó bá gùn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, Food Science ni mo kà ní LAUTECH, àtìgbà tí mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán ni mo ti wà níléeṣẹ́ kajú kan níbí, èmi ni mò ń yẹ kajú wò tí mọ́tò bá já a sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó fún ẹni tó gbé e wá, tí wọ́n bá sì ti pa á tí wọ́n bó o tán èmi náà ni mò ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣà á sí gírédì gírédì. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, tí àsìkò kajú bá ti lọ tán bí oṣù kẹfà báyìí gbogbo ẹ̀ á kàn pa lọ́lọ́. CV tí mo ti fi ránṣẹ́ sí Èkó, sí Ìbàdàn, sí Àgbárá, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.

Ohun tó wá ká mi lára ni ẹnìkan tá a jọ kàwé, tí ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ tó èmi rí, ó ti wà níléeṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó báyìí, ó ní òun ò kọ̀wé sí wọn o, àwọn ni wọ́n wá òun kàn lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ti ń pàdé yẹn. Mo lọ wo ojú ewé ẹ̀, ṣe ló ń kọ nǹkan sí i ṣáá. Èmi ò lè máa ya fídíò ara mi kiri, ojú ń tì mí, ìyá mi náà sì ní ẹni tó bá ń pariwo orúkọ ara ẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Dátà náà tún ti wọ́n, àtìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti gbà kí wọ́n fi tó 50% kún owó lọ́dún 2025 ni mo ti ń ṣọ́ ọ ná. Ṣé dandan ni? Tó bá jẹ́ dandan, ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Gbénró_UnderG

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ kàwé yẹn dùn yín jù, ó lè má gbọ́n jù yín lọ, ó kàn wà níbi tí wọ́n ti ń wá èèyàn ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ kì í fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti CV, wọ́n á wọ LinkedIn, wọ́n á tẹ ohun tí wọ́n ń wá síbẹ̀, bíi "quality control", bíi "cashew", bíi "Oyo State", àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà lójú ewé wọn ló máa jáde, àwọn yòókù wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Àtọdún 2003 ni LinkedIn ti wà, Microsoft sì fi bílíọ̀nù 26.2 dọ́là rà á lọ́dún 2016, ọwọ́ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ yìí wà lára ibi tówó ti ń wọlé fún wọn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wáṣẹ́, ọ̀fẹ́ lẹ wọlé, ẹ̀yin gan-an lọjà tí wọ́n ń tà.

Ẹ ṣe nǹkan kan kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Ẹ tẹ orúkọ yín sórí Google, orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì o, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa gbé jáde. Tí kò bá gbé nǹkan kan jáde, kò burú, ilẹ̀ tó ṣófo nìyẹn, ẹ lè kọ́lé sí i bó ṣe wù yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìjà tẹ́ ẹ bá ẹnìkan jà lórí Facebook lọ́dún 2015 ló kọ́kọ́ yọjú, ẹ lọ sínú settings wọn, ibì kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ sẹ́yìn di èyí tí ọ̀rẹ́ nìkan á máa rí, ẹ ò ní máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí orúkọ yín sì jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, ẹ má máa jẹ́ Àyìnkẹ́ lórí ìwé kẹ́ ẹ tún wá máa jẹ́ Ayinke Pweety Blossom níbòmíì, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan náà ni.

Ọ̀rọ̀ fídíò, ẹ gbàgbé ẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ fi fọ́tò kan sí i ti tó, kì í sì í jẹ dátà púpọ̀.

CoachTóDájú

Ẹ kú oríire! Mo ní kíláàsì tí mo fi ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa di gbajúmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, owó kékeré ni, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní inbox.

Ìyálóde_Ìjẹrù

Coach, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe rí hàn wá kẹ́ ẹ tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ hàn.

Alawọ_Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò ní lè gbà pẹ̀lú yín tán. Ọ̀yọ́ ni mo wà, iṣẹ́ awọ là ń ṣe nílé wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, tìmùtìmù ni o, àpò ni o, bàtà ni o. Bàbá mi ò tẹ fóònù rí títí wọ́n fi lọ, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá béèrè ilé wa. Iṣẹ́ wọn ló ń pe èèyàn. Àwọn ọmọ tí mò ń rí lóde òní, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà síwájú orúkọ wọn pé CEO, pé leather expert, ẹ wá ní kó rán bàtà ẹsẹ̀ méjì péré kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ kúrò ní Akẹ̀sán, ìdè ẹ̀ á já kẹ́ ẹ tó dé Owódé. Kí ọmọ yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni tèmi. Ìyìn ara ẹni ò dáa lẹ́nu ẹni.

Gbénró_UnderG

Bàbá, òdodo ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ẹni tí ò mọṣẹ́ tó ń pariwo, ariwo yẹn náà ló máa tú u síta. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ní wọ́n ń wá bá bàbá yín un, wọn ò lá àlá ẹ̀, ẹnìkan ló lọ sọ fún wọn. Ẹni tó sọ yẹn ló ti wà lórí fóònù báyìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin gan-an, tí mo bá tẹ "leather Oyo town" sórí Google Maps nísìnyí, ṣé ṣọ́ọ̀bù yín máa jáde? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ o, ẹ fi fọ́tò tìmùtìmù mẹ́rin márùn-ún sí i, ẹ fi nọ́ńbà yín sí i, ó parí.

Alawọ_Ọ̀yọ́

Hmm. Ọmọ mi obìnrin á bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ò gbà yín gbọ́ tán ṣá.

Ìyálóde_Ìjẹrù

Ẹ jẹ́ kí n bá Àyìnkẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí torí iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyí. Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wa wà, a máa ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Àbúrò mi, ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ lórí LinkedIn, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 220 ni wọ́n gbà ẹ́ láàyè láti kọ síbẹ̀, tó o bá wá lo gbogbo ẹ̀ láti kọ "hardworking graduate seeking a challenging opportunity", ta lo rò pé ó ń wá ìyẹn? Kò sí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan tó máa jí láàárọ̀ tí á tẹ "hardworking" síbi ìwádìí. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́, orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Òun ni kó o kọ.

Fọ́tò, má lọ ná owó sí i. Ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, dúró sẹ́bàá fèrèsé, kí ògiri ẹ̀yìn rẹ mọ́, kí ẹlòmíì bá ẹ yà á, má ya selfie, má sì gé ara ẹ kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, a máa ń rí ọwọ́ ẹni kejì léjìká yín o ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́yìn náà, bẹ ọ̀gá rẹ kan tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí kó kọ ìlà mẹ́ta mẹ́rin nípa iṣẹ́ rẹ sójú ewé rẹ, àyè ìyẹn wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ló yìn ẹ́ nìyẹn, ìyá rẹ àti bàbá alawọ ò lè bínú sí i mọ́.

Ti òrùka àwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi sí fọ́tò pé àwọn ń wáṣẹ́, gbogbo èèyàn ló ń rí i, àmọ́ o lè ṣètò ẹ̀ kí òrùka má yọ rárá, kó jẹ́ àwa tá à ń wá òṣìṣẹ́ nìkan la máa mọ̀ pé ò ń wáṣẹ́. LinkedIn ní àwọn máa ń gbìyànjú kí àwọn iléeṣẹ́ tó o wà má rí i, àmọ́ àwọn fúnra wọn ò fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, torí náà mọ bí ọ̀gá rẹ ṣe rí kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Mo wá fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kí lò ń ṣe gan-an tó o bá débi iṣẹ́ láàárọ̀? Má sọ bí CV ṣe ń sọ ọ́ fún mi, sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Tàkíè.

Àyìnkẹ́_Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an ni mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò le o, mi ò mọ̀ bóyá èèyàn á fẹ́ kà á. Tí mọ́tò bá dé, mi ò ní mú kajú láti inú àpò òkè nìkan torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó èyí tó dáa sí, màá gún àpò káàkiri tòkè tìsàlẹ̀, màá dà wọ́n pọ̀, màá wá wọn kílò kan géérégé nínú ẹ̀. Màá ka iye èso tó wà nínú kílò yẹn, tó bá ti pọ̀ jù á jẹ́ pé èso ẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà màá là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀wọ́ ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi o torí epo tó wà nínú èèpo kajú yẹn, tó bá kan ara ṣe ló ń bó o. Èyí tí ọmọ inú ẹ̀ funfun tó dáa, ọ̀tọ̀. Èyí tó lábàwọ́n tàbí tí ò gbó tán, ọ̀tọ̀. Èyí tó ti jẹrà, tí kòkòrò ti jẹ, tàbí tó kàn ṣófo, kò sí nínú ìṣirò rárá. Màá wá yọ ọmọ inú wọn, màá gbé e sórí ìwọ̀n.

Ká ní èyí tó dáa jẹ́ gíráàmù 255, tí èyí tó lábàwọ́n jẹ́ 24. Ìdajì èyí tó lábàwọ́n là ń kà, ìyẹn 12, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ 267. Àpò tí gbogbo oníṣòwò kajú láyé fi ń ṣírò ni kílò 80, torí náà ẹ sọ 267 di ọ̀nà 80, ó di gíráàmù 21,360, ẹ wá fi 453.6 pín in torí òun ni pọ́n-ùn kan, ohun tẹ́ ẹ máa rí jẹ́ bíi 47. 47 yẹn ni wọ́n ń pè ní outturn, ìyẹn iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tó dáa tó ń jáde nínú àpò kan, òun lowó ń tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ti bó o tán, odindi ọmọ kajú funfun náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, 180, 240, 320, iye ọmọ tó ń wọ pọ́n-ùn kan ni, tí nọ́ńbà bá ti kéré ọmọ ẹ̀ tóbi nìyẹn, owó ẹ̀ náà á lọ sókè.

Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ mà.

Bàbá_Kajú_Ìrẹsàadú

Ẹ dúró ná!! Ẹ dúró o. Àṣé bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà yẹn nìyí? Èmi ti ń kó kajú láti àwọn abúlé Ìrẹsàadú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ó ti pẹ́, wọ́n á kàn jáde wá sọ fún mi pé ó jẹ́ 44, wọ́n á gé owó mi, tí mo bá béèrè pé báwo, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wo? Ọ̀bẹ àti ìwọ̀n! Ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é. Ìdí wo ló fi jẹ́ pé ìdajì ni wọ́n ń ka èyí tó lábàwọ́n? Tó bá tutù ńkọ́?

Àyìnkẹ́_Ajílété

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdajì la ń kà torí iléeṣẹ́ ò lè tà á ní iye tí wọ́n ń ta èyí tó funfun, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́ tó èyí tí wọ́n máa dà nù. Tó bá tutù, ẹ má fi sínú àpò, ẹ sá a dáadáa kẹ́ ẹ tó dì í, omi inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bíi 10% lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu nínú àpò, ọmọ inú ẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ á wá di alábàwọ́n lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá mi kajú létí tẹ́ ẹ gbọ́ tó ń dún kokoko, ó ti ń gbẹ nìyẹn.

Ìyálóde_Ìjẹrù

Ṣé o ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn? O ní ta ló fẹ́ kà á. Má tún òmíràn kọ mọ́, èyí tó o kọ sókè yẹn gan-an ni kó o tú sí òyìnbó kó o gbé lọ sí LinkedIn, kó o fi fọ́tò kajú tó o là sí méjì sí i, ojú rẹ ò ní láti yọ níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń ka CV bọ̀ látọjọ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé àyẹ̀wò kajú fún mi tó yé mi báyìí. Tí iléeṣẹ́ kan bá ní ká bá àwọn wá ẹni tó mọ nǹkan tí wọ́n ń rà yẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ kajú ìbáà jẹ́ kòkó ìbáà jẹ́ sòyà, irú ẹni yìí là ń wá.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà_Randa

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Àbúrò, lọ mú ìwé tó o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́, wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan iléeṣẹ́ síta. Bó o ṣe ń ṣe àyẹ̀wò kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye tí àwọn iléeṣẹ́ yín ń rà á, ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, nọ́ńbà tí mọ́tò àná jẹ́, ìyẹn kì í ṣe tìẹ láti gbé síta. Tó o bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ hàn, ra kílò kan pẹ̀lú owó ara rẹ lọ́jà, là á nílé, ya fọ́tò ẹ̀ lórí tábìlì ìyá rẹ. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ ṣẹjọ́ lórí kajú tó o fowó ara ẹ rà. Àwọn obìnrin tó ń bó kajú náà, má kàn máa ya ojú wọn kó o gbé e síta láìbéèrè, òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà látọdún 2023, ká tiẹ̀ ní kò sí òfin pàápàá, ó yẹ kéèyàn tọrọ ààyè.

Èkejì, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ẹ́, àwọn olè náà á mọ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ̀wé sí ẹ pé iṣẹ́ ti wà ní Kánádà, pé kó o san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó físà, wọ́n á ní ká bọ́ sórí Telegram ká máa sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá ti dárúkọ owó, dákẹ́ kó o dí wọn pa.

Gbénró_UnderG

Ẹ̀gbọ́n ti sọ tán. Kí n kàn fi eléyìí kún un, ohun yòówù tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, sínú Google Docs tàbí inú email. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba kàn jí lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn ti Twitter pa, ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà wọn wà, ojú wọn rí màbo, àwọn tó mọ VPN, ètò tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn wọlé síbi tí wọ́n tì pa, ló ráyè. WhatsApp status náà, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò burú, ṣùgbọ́n wákàtí 24 ni, ó ti lọ, Google ò sì lè rí i. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síbi tí kò ní parẹ́, kẹ́ ẹ tó wá gbé link ẹ̀ sórí status.

Àyìnkẹ́_Ajílété

Ẹ ṣé o gbogbo yín, mo ti wo ìwé iṣẹ́ mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́ pé iye owó àti orúkọ oníbàárà ò gbọ́dọ̀ jáde, kò sí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò níbẹ̀. Mo ti kọ ìlà abẹ́ orúkọ mi báyìí, ẹ bá mi wò ó: "Passionate Food Scientist | Cashew Quality Control | Cutting Test, Kernel Grading, HACCP | Ogbomoso, Oyo State".

Ìyálóde_Ìjẹrù

Yọ "Passionate". Ṣé o níwèé HACCP, ìlànà tí wọ́n fi ń dènà ewu nínú oúnjẹ yẹn?

Àyìnkẹ́_Ajílété

Rárá mà, wọ́n kàn kọ́ wa ní yunifásítì ni.

Ìyálóde_Ìjẹrù

Yọ òun náà títí wàá fi gbà á. Tí wọ́n bá pè ẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ẹ́ nìyẹn. Fi "Raw Cashew Nut" dípò ẹ̀, òun làwọn tó ń rà á lọ sí Íńdíà àti Vietnam máa ń tẹ̀. Ìyókù dáa gan-an.

Bàbá_Kajú_Ìrẹsàadú

Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kọ lóyìnbó yẹn, àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a wà nínú group àwọn tó ń kó kajú ò lè ka òyìnbó. Bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá sínú fóònù, voice note ni kó o fi ṣe, a ò fẹ́ rí ojú ẹ.

Àyìnkẹ́_Ajílété

Ìyẹn ò le, bàbá. Màá sọ ọ́ lálẹ́ yìí. Ṣé kí n dárúkọ ara mi nínú ẹ̀?

Bàbá_Kajú_Ìrẹsàadú

Dárúkọ ara ẹ dáadáa, orúkọ àti ohun tó o kà ní LAUTECH, kí wọ́n má sọ pé èmi ni mo dá a sọ. Kó o sì fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀túnla, torí ọ̀túnla la máa kó ẹrù.